Èje Tí Màmá Adìẹ Kò Kà

Agogo méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ̀-ọ́n-tán já wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ, ó há ìwé gbàǹgbà kan sí abíyá. Ìtàn Ilé Ẹ̀kọ́ Màmá Adìẹ ló wà nínú ìwé náà, ìyẹn fídíò tí gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣírò àti ìwà láyé ìgbà kásẹ́ẹ̀tì. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi kọ ọ́. Atẹ̀wé tó wà ní òdìkejì títì ti là á mọ́lẹ̀ fún un: òun ò ní tẹ̀ ẹ́, àfi bí ẹnì kan tó wà níbẹ̀ nígbà náà bá fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni. Bó bá sì kọjá agogo mẹ́rin òní, kàlẹ́ńdà ni ẹ̀rọ òun máa tẹ̀ títí ọdún á fi yí. Nínú gbogbo àwọn tó ṣe fídíò náà, ìyá aránṣọ yìí nìkan ló ṣẹ́kù sáyé. Mọ̀-ọ́n-tán ò rí wàhálà kankan níbẹ̀. Ohun tí òun ti mọ̀ tán, kí ni ẹlòmíì fẹ́ fi kún un?

"Ẹ káàsán, Màmá."

Ìyá náà ò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Káàsán, ọmọ mi. Ọ̀la ni ṣòkòtò rẹ máa yá."

"Màmá, n ò fún yín ní ṣòkòtò rán."

"Lóòótọ́?" Ó wá wò ó. "A jẹ́ pé ẹlòmíì ni mo fẹ́ pa irọ́ yẹn fún. Jókòó."

"N ò ráyè jókòó, Màmá. Ìtàn ni mo bá wá."

"Ìtàn? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Iṣẹ́ kan tí ẹ ṣe ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni mo torí ẹ̀ wá."

"Ó ya ni àbí ó tú?"

"Kí ló ya?"

"Iṣẹ́ tí mo ṣe. Ọmọ mi, aṣọ tó lo ọgbọ̀n ọdún lọ́rùn èèyàn, bó bá ya, ṣe là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. A kì í wá bá aránṣọ jà."

Mọ̀-ọ́n-tán mí kanlẹ̀. Irú àwọn èèyàn báyìí ló máa ń pọ̀ lọ́nà ẹni tó bá mọ nǹkan. "Màmá, Ilé Ẹ̀kọ́ Màmá Adìẹ ni mò ń wí. Fídíò. Ẹ̀yin kọ́ lẹ rán aṣọ adìẹ?"

"Háà, adìẹ!" Ojú ìyá náà tàn yòò. "Èmi ni o! Ṣé adìẹ ló ya ni?"

"Kò sóhun tó ya, Màmá! Mo kọ ìtàn rẹ̀ ni. Òun nìyí. Gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀, kò kù síbì kan. Ẹ ṣáà fọwọ́ sí ibí yìí. Ìṣẹ́jú kan péré."

"Kí ni mò ń fọwọ́ sí?"

"Pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé ó lé mẹ́rìnlá."

Ìyá náà yọ abẹ́rẹ́ mẹ́ta kúrò lẹ́nu, ó gún wọn mọ́ apá ẹ̀wù ara ẹ̀. "Ojú mi ò ríwèé mọ́. Máa kà á."

"Gbogbo ẹ̀, Màmá? Agogo mẹ́rin ni..."

"Mú un ní orí kọ̀ọ̀kan, kó o sọ kókó ibẹ̀ fún mi. Èmi kì í gé aṣọ tí mi ò bá tíì wọ̀n." Ó fa tépù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn. "Bó o ṣe ń kà á, dìde dúró dáadáa. Ta ló rán ṣòkòtò yìí fún ọ?"

"Mo rà á ní rírán ni."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú."

"Kò kúrú, Màmá."

"Ó kúrú. Máa kàwé."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n. Mọ̀-ọ́n-tán wúkọ́, ó ṣí ìwé, ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó wà níwájú ẹgbẹ̀rún èèyàn.

"'Orí kìíní. Bí wọ́n ṣe dá Ilé Ẹ̀kọ́ Màmá Adìẹ sílẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́wàá péjọ, wọ́n sì fi odindi ọdún kan ronú lórí bí ọpọlọ ọmọdé ṣe ń ṣiṣẹ́.'"

"Níbo ni wọ́n péjọ sí?"

"Ṣé ẹ rí i, Màmá, irú iṣẹ́ ńlá báyìí..."

"Mo ní, níbo ni wọ́n péjọ sí?"

"N ò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mo ronú kàn án ni."

"O ronú kan ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́wàá, o ò ronú kan àga tí wọ́n jókòó lé. Gbọ́ mi. Sísọ́ọ̀sì ló dá a sílẹ̀."

"Sísọ́ọ̀sì báwo?"

"Àwọn oníbàárà mi a máa kó ọmọ wá. Kí n tó wọn ìyá tán, ọmọ á ti ki sísọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. Ọmọ kan ló bá gé apá kóòtù adájọ́ sọnù lọ́jọ́ kan."

"Adájọ́ kóòtù gan-an?"

"Adájọ́ tó ń rán èèyàn lẹ́wọ̀n! Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò, ọwọ́ ọ̀tún wọlé, ọwọ́ òsì wà níta. Ó ní kí lèyí? Mo ní, Olúwa mi, òun ló lòde báyìí."

"Ó gbà?"

"Ṣé ìwọ gbà? Ọjọ́ yẹn ni àbúrò ọkọ mi ní ká wá nǹkan tí àwọn ọmọ wọ̀nyí á máa wò, kọ́wọ́ wọn lè dilẹ̀. Òun ló ń ya fídíò ìgbéyàwó kiri. Sátidé nìkan ló níṣẹ́. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, òun àti kámẹ́rà ẹ̀ kàn jọ ń sùn ni. Ọ̀gbẹ́ni oníwáyà tó ń tún iná ṣe la pè kún un, òun ló di gílóòbù mú. Àwa mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù tó o dúró sí yìí náà ni."

Mọ̀-ọ́n-tán wo ṣọ́ọ̀bù náà yíká. Kò ju ibi tí mọ́tò méjì lè dúró sí lọ. "Màmá, ṣé kí n wá kọ ọ́ síwèé pé torí kí ọmọdé má gé kóòtù mọ́ ni gbogbo..."

"Kọ ọ́. Sísọ́ọ̀sì ọjọ́ náà lèyí." Ìyá náà ṣí i, ó pa á dé, kẹ̀rẹ̀! Mọ̀-ọ́n-tán sún sẹ́yìn, ó yọ bírò, ó fa ìlà bo àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mọ́lẹ̀.

"Kò burú. Orí ìwé kan kọ́ ló ń jẹ́ ìwé. Orí kejì, orúkọ àwọn kásẹ́ẹ̀tì méjèèjìlá nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ìyẹn dáa. Ìkẹta?"

"'Orí kẹta. Ìyàwó inú kásẹ́ẹ̀tì kẹta.' Gbogbo ẹni tó wò ó ló rántí, Màmá. Bí ẹ̀kọ́ nípa àwọ̀ bá ti parí, kí ojú tẹlifíṣọ̀n tó dúdú, ìyàwó kan á yọ fìrí pẹ̀lú kéèkì, á sì pòórá. Ogún ojú ewé ni mo kọ lé e lórí. 'Ìyàwó náà dúró fún ọgbọ́n. Ọmọ tó bá tẹpá mọ́ ẹ̀kọ́ ni yóò gbé e níyàwó.'"

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, tépù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Ọgbọ́n kẹ̀! Kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tí wọn ò wá gbà la fi ya ẹ̀kọ́ wa. A yà á lé ìgbéyàwó lórí. Ẹ̀kọ́ ló tán kí ìgbéyàwó tó tán."

"Kí ló dé tí wọn ò fi wá gbà á?"

"Wọ́n ti jà. Ìdí kéèkì yẹn gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Bó o bá wò ó dáadáa, wàá rí i pé ọ̀bẹ ò sí lọ́wọ́ ọkọ. Ìyàwó ò gbà fún un."

Mọ̀-ọ́n-tán ti wo kásẹ́ẹ̀tì yẹn ju igba ìgbà lọ. Ó di ojú, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ọkàn ẹ̀. Lóòótọ́, ọkọ ò mú ọ̀bẹ.

"Wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan," ni ìyá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ìjà ti parí, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ìgbéyàwó àwọn. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì kẹta fún wọn. Wọn ò rí ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ọmọ wọn mọ gbogbo àwọ̀."

"Ṣé kí n kọ ìyẹn náà?"

"O fẹ́ fi sílẹ̀ ni? Òun ló dùn jù níbẹ̀."

Mọ̀-ọ́n-tán fa ìlà, ó kọ ọ́ sí etí ìwé. Agogo méjì ààbọ̀ ti kọjá. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí ẹ̀, ó sì ń sọ fún ara ẹ̀ pé kò séwu, pé ìsàlẹ̀ ìwé ló lágbára.

"Orí kẹrin, àdírẹ́sì tó wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì ni. Ìyẹn ti dájú. 'Orí karùn-ún.' Màmá, èyí ò ní àríyànjiyàn. 'Kí ló dé tí Màmá Adìẹ ò fi kẹ̀yìn sí wa rí? Nínú kásẹ́ẹ̀tì méjìlá, kò yíjú padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá fẹ́ jáde, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló ń rìn. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí: olùkọ́ rere kì í kẹ̀yìn sí akẹ́kọ̀ọ́.'"

Ìyá náà yíjú sí òwú orí ẹ̀rọ. Ó ń tú okùn kan tí kò ta kókó.

"Màmá?"

"Mò ń gbọ́."

"Kò dáa ni?"

"Ó dáa. Ó dáa gan-an ni. Aṣọ ló tán."

"Aṣọ wo?"

"Aṣọ adìẹ. Aṣọ fèrèsé tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ oníbàárà kan ni. Torí ẹ̀ ni adìẹ wa ṣe jẹ́ búlúù. Ó tó iwájú, ó tó ìyẹ́ apá méjèèjì, nígbà tó dé ẹ̀yìn ó tán. Láti ọrùn dé ìbàdí, ẹ̀yìn Màmá Adìẹ wà gbayawu. Ṣé kó yíjú padà kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè rí ìhòòhò adìẹ?"

Mọ̀-ọ́n-tán jókòó. Òun tó ní òun ò ráyè jókòó. "Màmá, mo ti ka orí karùn-ún yìí níbi ìpàdé àwọn olùkọ́. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn olùkọ́ kan wà báyìí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń jáde ní kíláàsì nítorí mi."

"Ṣé wọn ò máa ṣubú?"

"Ọ̀kan ṣubú."

"Ẹ̀yà! Bá mi kí i kú ìnira."

"Ọ̀gá ilé ìwé gan-an ni, Màmá!"

"Ó wá burú jù. Ọmọ mi, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo èyí tó o kọ wọ̀nyí, aṣọ ni. Èmi ni mo ni àkísà wọn. Ó kù mélòó?"

"Orí kẹfà àti orí keje. Orí kẹjọ dé ìkẹwàá, àwòrán ni." Ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "'Orí kẹfà. Ta ló wà nínú adìẹ? Ìwádìí wa fi hàn pé òṣèré ńlá kan ni, tí kò fẹ́ kí aráyé mọ orúkọ òun. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohùn èèyàn lásán.'"

"Èmi ńkọ́? Níbo ni mo wà?"

"Ẹ wà níbẹ̀, Màmá. Ojú ewé igba ó lé méjì. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá. 'Aránṣọ kan ló bá wọn rán aṣọ.'"

"Aránṣọ kan."

"Màmá, ẹ má bínú."

"Inú mi ò bí. Aránṣọ kan náà ni mo jẹ́, mi ò di méjì." Ó ká tépù rẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. "Ohùn yẹn, báwo ló ṣe wá dá ọ lójú tó bẹ́ẹ̀ pé kì í ṣe ohùn èèyàn lásán?"

"Háà, Màmá. Ẹ ò lè mọ̀. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi, àwa méjì péré la wà nílé. Bó bá ti lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi sínú ilé, á sì fi fídíò sí i fún mi. Ohùn yẹn ló ń bá mi jẹun. Òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀kùn á fi ṣí. Bí mo bá gbọ́ ọ lónìí, láàárín ẹgbẹ̀rún ohùn, màá dá a mọ̀."

Ìyá náà fi ọwọ́ nu ẹnu. Ó na ọrùn, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó ní:

"'Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin òròmọdìẹ mi! Ta ló ti fọ ẹnu?'"

Mọ̀-ọ́n-tán, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì tó ní irùngbọ̀n, na ọwọ́ sókè. "Èmi, Màmá Adìẹ!"

Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lókè.

"Gbọ́wọ́ wálẹ̀, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin ni?"

"Aṣọ ò tó láti wọn ẹlòmíì. Ara mi ni mo wọ̀n, èmi náà ló bá mu."

Mọ̀-ọ́n-tán ò mọ ìgbà tó kúrò lórí àga. Ìgbà tó máa fi mọ̀, ilẹ̀ ló wà, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó ká ọwọ́ gbera, bó ṣe máa ń jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n láyé ọjọ́un. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé orí kẹfà ti lọ. Àfi ìgbà tí ojú ẹ̀ kan aago. Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó di ìwé náà mọ́ àyà. "Màmá Adìẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ó ku orí keje. Torí orí keje ni mo ṣe kọ ìwé yìí. Èyí tó kù tí ẹ fà ya, ó ya. Ẹ má fọwọ́ kan orí keje."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Èje."

Ìyá náà gbé tépù kalẹ̀.

"Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì," ni Mọ̀-ọ́n-tán ń wí wàràwàrà, "ẹ máa ń fi káàdì pupa ka nǹkan. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, ẹ̀jọ. Ẹ ò ka èje rí! Gbogbo ọmọ lá figbe ta nílé: 'Èje dà?' Ẹ̀yin á wá gbé ìyẹ́ sétí, ẹ ó dúró díẹ̀, ẹ ó ní: 'O ṣe é, ọmọ mi! Ó yá, ká máa kà á lọ.' Màmá, ogójì ojú ewé ni mo kọ. Mo ní àwọn ọlọgbọ́n kan ló ronú ẹ̀ dáadáa, tí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ kí ọmọdé náà lè rí nǹkan kọ́ olùkọ́. Ẹ sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Bẹ̀rẹ̀. Wo abẹ́ tábìlì."

"Màmá, àkókò ń lọ."

"O ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wo ẹsẹ̀ tábìlì tó wà lápá ògiri."

Tábìlì ìgéṣọ ńlá ni. Mọ̀-ọ́n-tán rá wọ abẹ́ ẹ̀. Ẹsẹ̀ kan kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ, wọ́n sì ki nǹkan pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ ẹ̀. Ó fà á. Ó bọ́. Tábìlì gbọ̀n, agolo bọ́tìnnì re bọ́ láti òkè, bọ́tìnnì dà sílẹ̀ yàà, ó yí lọ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó yí lọ sẹ́nu ọ̀nà. Káàdì líle kan ló wà lọ́wọ́ Mọ̀-ọ́n-tán, eruku bò ó. Ó fi apá aṣọ nù ún. Pupa yọ. Èje ni.

"Orí tábìlì yìí la gbé kámẹ́rà lé," ni ìyá náà ní. "Bó bá ti ń mì, òyì á máa kọ́ ẹni tó ń wò ó. Àbúrò ọkọ mi na ọwọ́ sẹ́yìn, ohun tó bà ló fi há a. Èmi kà dé ẹ̀fà, mo na ìyẹ́ sí èyí tó kàn, ẹ̀jọ ni mo bá. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la ní lọ́jọ́ náà, a ò lè tún un ṣe. Kí ni adìẹ fẹ́ ṣe? Mo kà á lọ."

Mọ̀-ọ́n-tán jókòó sáàárín bọ́tìnnì. "Ọdún mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ tábìlì."

"Pẹ̀lẹ́."

"Mo rò pé èmi ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún." Omi lé ròrò sójú ẹ̀, kò sì gbìyànjú láti fi pa mọ́. "Nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tí mo lè kọ́ ní nǹkan kan. Bí mo bá pariwo èje, Màmá Adìẹ á gbọ́. Ìyẹn nìkan ni mo ní, Màmá. Òun ló jẹ́ kí n fẹ́ràn kí n máa mọ nǹkan. Ẹ wá ní ẹsẹ̀ tábìlì ni."

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nu ojú, kó o dá mi lóhùn. Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n tán, nínú kásẹ́ẹ̀tì kìíní, ṣé mo gbé ìyẹ́ sétí?"

Mọ̀-ọ́n-tán ronú. "Rárá. Nínú ti kìíní, ẹ kàn ń kà á lọ ni. Láti ìkejì ni ìyẹ́ ti dé etí."

"Kí ló fà á?"

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdàgbàsókè ni."

"Lẹ́tà ni. Gbé agolo bọ́tìnnì yẹn wá. Wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, nǹkan kan ti lẹ̀ mọ́ ọn."

Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ṣí i kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yìn káàdì ilé ìwòsàn ni, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń kọ orúkọ oògùn. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́, lẹ́tà kan sànra, èkejì tín-ín-rín. *Màmá Adìẹ, ẹ ti sọ èje nù. Ẹ gba tèmi.* Nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n ya èje gàgàrà kan, tó kọjú sódì.

Mọ̀-ọ́n-tán fi ìka tọ èje náà. "Mo kọ ọ́ sódì."

"Ìwọ kẹ̀?"

"Màmá mi ló bá mi fi ránṣẹ́. Mo dúró de èsì títí. N ò kọ ọ́ sínú ìwé, ojú ń tì mí, torí pé ẹ ò fèsì."

Ìyá náà wò ó, ó wo èje tó kọjú sódì, ó tún wò ó. Ó fà á dìde nílẹ̀, ó sì gbọn eruku kúrò lórúnkún ẹ̀ bí ẹni gbọn ọmọ tó ṣubú. "Ìwọ rèé! Ọmọ mi, a fèsì o. Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá la fi fèsì. Àbúrò ọkọ mi ti fẹ́ gé káàdì tuntun, mo ní kó dáwọ́ dúró. Mo ní ọmọ kan wà níbì kan tó mọ èje. Bí a bá kà á, kí ló máa ṣẹ́kù fún un láti sọ? Ọjọ́ yẹn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìyẹ́ sétí. Ìwọ ni mò ń gbọ́."

Mọ̀-ọ́n-tán fò sókè.

"A jẹ́ pé òótọ́ ni orí keje!"

"Ìdí ẹ̀ nìkan ló jẹ́ òótọ́. Àwọn ọlọgbọ́n tó ronú ẹ̀ ńkọ́, ojú ewé mélòó ni wọ́n gbà?"

"Ogójì."

"Ìwọ ńkọ́?"

"N ò sí níbẹ̀."

"Wò ó, aago ń lọ. Níbi tó o ti kọ 'aránṣọ kan,' kọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí sí i. Kó o kọ orúkọ ara rẹ sí i. Kí n wá fọwọ́ sí i, torí agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ó fa ìlà bo olùkọ́ rere àti òṣèré ńlá mọ́lẹ̀, ó sì kọ ọ́ wàràwàrà. Ìyá náà gba bírò, ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Ó fi bírò kàn án, tábìlì yẹ̀, bírò fa ìlà gbọọrọ kan lọ sí etí ìwé.

"Dá káàdì yẹn padà sábẹ́ ibẹ̀."

Mọ̀-ọ́n-tán gbé èje pupa há àyà. "Láéláé! Màmá, ìtàn lèyí!"

"Ìtàn ló ń jẹ́ kí n máa kọ̀wé bí ọ̀mùtí yìí? Wá nǹkan kan há a! Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù!"

Mọ̀-ọ́n-tán wo òkè, ó wo ilẹ̀. Bọ́tìnnì ò lè há a. Àga ga jù. Ó wá wo ìwé ẹ̀. Ó ṣí i láàárín, ó di ogójì ojú ewé mú, ó fi agbára já wọn jáde, fàì! Ó ká wọn sí mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki wọ́n bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì wò. Kò mì.

"Ó dúró digbí," ni ìyá náà ní. "Ìwé rẹ lágbára, ọmọ mi." Ó fọwọ́ sí i, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. "Sáré. Bó o bá ti fún un tán, padà wá ṣa bọ́tìnnì mi."

Mọ̀-ọ́n-tán sáré sọdá títì, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ń lu kókósẹ̀, èkejì ń lu ojúgun. Kò pẹ́ tó fi padà dé, ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, ẹ̀rín kún ẹnu ẹ̀. "Ó gbà á! Ó ní ó ku ìṣẹ́jú kan!" Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa bọ́tìnnì sínú agolo, ó ń kà á lábẹ́lẹ̀.

Kò tíì ṣa bọ́tìnnì mẹ́wàá tán tí igbe fi ta láti òdìkejì títì. Atẹ̀wé ti yọrí lójú fèrèsé, ìwé wà lọ́wọ́ ẹ̀ méjèèjì.

"Mọ̀-ọ́n-tán! Mọ̀-ọ́n-tán o! Orí kẹfà rèé, orí kẹjọ rèé! Keje dà?"

Mọ̀-ọ́n-tán gbójú sókè, ó wo ìyá náà. Ìyá náà yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. Ó lọ sójú fèrèsé, ó ká apá kò bí ìyẹ́, ó gbé e sétí, ó dúró díẹ̀.

"O ṣe é, ọmọ mi!" ni Màmá Adìẹ kígbe sọdá títì. "Ó yá, ká máa kà á lọ!"